Iyèré Màmá Mi ní Etíkun Kappad

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, mo bá màmá mi lọ sí orílẹ̀-èdè Íńdíà, níbi tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún wọn ní ìlú Kochi, ní ìpínlẹ̀ Kerala. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí màmá mi ti ń ta èèlò ọbẹ̀ ní ọjà Òkè-Àjé ní Ìjẹ̀bú-Òde, láti orí iyèré, ẹ̀ẹ̀rù àti àtààre títí dé orí irú àti atalẹ̀, mo sì gbà pé àpótí kúkúrú tí wọ́n ń jókòó lé láti kùtùkùtù òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wà lára ohun tí ó ba orúnkún náà jẹ́. Nígbà tí a ń di ẹrù, wọ́n ní ohun kan tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù sílé ni iyèré, nítorí pé ẹni tí abẹ bá kàn lára gbọ́dọ̀ mu omi ọbẹ̀ iyèré gbígbóná kí okun rẹ̀ tó lè padà. Bí iyèré díẹ̀ láti Òkè-Àjé ṣe bá wa wọ ọkọ̀ òfurufú nìyẹn, bí mo sì ṣe rí hóró bíi mẹ́wàá wé sínú bébà, tí mo fi sínú àpò ẹ̀wù mi ní ọjọ́ tí mo lọ sí etíkun Kappad nìyẹn.

Olùkọ́ ìtàn ni mí. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí mo ti ń dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, tí mo ń sọ fún wọn pé ní oṣù Agẹmọ ọdún 1497 ni ọ̀gá atukọ̀ ará Potogí kan tí ń jẹ́ Vasco da Gama kúrò ní Lisbon, tí ó gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà yípo, tí ó sì dé etí òkun Íńdíà ní ọjọ́ 20 oṣù Èbìbí ọdún 1498. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé, wọn á há a sórí, a ó sì kọjá sí ẹ̀kọ́ mìíràn. Nígbà tí mo wá wo àwòrán ilẹ̀ nínú ilé tí a gbà sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, tí mo rí i pé ìrìn ọkọ̀ ojú irin bíi wákàtí mẹ́rin ni ó wà láàárín èmi àti Kappad, etíkun tí wọ́n ní da Gama gúnlẹ̀ sí, oorun dá lójú mi. Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà tí màmá mi ti ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà, tí àbúrò wọn obìnrin tí ó bá wa lọ sì wà pẹ̀lú wọn, mo tọrọ ààyè. Wọ́n ní, "Máa lọ, ọmọ mi, ṣùgbọ́n bá mi wo ọjà wọn dáadáa."

Ìhà àríwá ni ojú irin náà ń lọ. Igi àgbọn ni lápá ọ̀tún, igi àgbọn ni lápá òsì, níbi tí kò bá sì sí àgbọn, ọ̀sà ni, pẹ̀lú àwọn apẹja tí wọ́n dúró nínú ọkọ̀ wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí kì í bá ṣe èdè Malayalam tí àwọn èrò ń sọ ní ẹ̀gbẹ́ mi, ǹ bá ti rò pé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ sí Èjìnrìn ni mo wà. Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Kozhikode, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Calicut. Láti ibẹ̀ mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, irú èyí tí ó kún ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde gan-an, ó ṣe tán láti Íńdíà ni a ti ń kó wọn wá. Ìrìn náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà 18 lọ.

Mo ti fọkàn ya àwòrán etíkun náà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ohun tí mo bá kò sì jọ ọ́ rárá. Iyanrìn tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní ni mo rí, nítorí pé Kappad wà lára àwọn etíkun Íńdíà tí ó kọ́kọ́ gba àmì Blue Flag ní ọdún 2020, àmì tí a ń fún etíkun tí omi àti àyíká rẹ̀ bá mọ́. Àpáta kan yọ wọ inú òkun, ojúbọ kékeré ti àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù sì wà lórí rẹ̀. Àwọn ìdílé jókòó, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ní ti òkúta ìrántí tí mo tìtorí rẹ̀ rìn, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọ́kọ́ kọjá rẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò ju pé Vasco da Gama gúnlẹ̀ síhìn-ín, ní Kappakadavu, ní ọdún 1498. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan ní Kerala fúnra wọn kò fara mọ́ èyí pàápàá, wọ́n ní Pantalayini, èbúté tí ó wà ní àríwá díẹ̀, ni ibi tí wọ́n ti gúnlẹ̀ ní tòótọ́. Èmi kò rí èyí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ba ìrìn mi jẹ́, nítorí pé omi kan náà ni, ata kan náà ni wọ́n sì wá wá.

Ata tí mo ń wí kì í ṣe ata rodo o, kì í sì í ṣe ṣọ̀ńbọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata rodo, tàtàṣé àti ṣọ̀ńbọ̀ ti wá, àwọn Potogí sì wà lára àwọn tí ó kó wọn kiri lẹ́yìn ọdún 1492, títí wọ́n fi dé ìkòkò ọbẹ̀ wa àti ìkòkò àwọn ará Kerala. Kí wọ́n tó dé, iyèré àti àtààre ni ó ń ta àwọn ìyá ńlá wa lẹ́nu. Ata ti Kerala yìí ni hóró dúdú róbótó tí a máa ń rí nínú ìgò kékeré lórí tábìlì ilé oúnjẹ. Òkè àti igbó òjò ní ẹ̀yìn etí òkun yẹn ni ilé rẹ̀. Ìtàkùn ni, tí ń gun ara igi lọ sókè, èso rẹ̀ a sì ṣù jọ sórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó rọ̀ sísàlẹ̀. Tútù ni wọ́n ń já a, oòrùn ni ó ń sọ ọ́ di dúdú tí awọ rẹ̀ fi ń hunjọ. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ tí wọ́n bó awọ yẹn kúrò, òun náà ni yóò di ata funfun.

Ìgbà ìkórè rẹ̀ ni a wà. Ní ìwájú ilé kan tí kò jìnnà sí etíkun, ìyá àgbàlagbà kan tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó da ata lé e, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tú u ká láti apá kan sí èkejì, ó ń ṣa igi àti ewé kúrò lára rẹ̀. Mo dúró. Bí màmá mi ṣe ń sá iyèré nìyẹn ní ẹ̀yìnkùnlé wa, àtẹ́lẹwọ́ kan náà, ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ojú tí kò kúrò lára adìyẹ kan náà. Ìyá náà rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fún mi ní hóró díẹ̀ láìjẹ́ pé mo tọrọ. Mo kúnlẹ̀ gbà á, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn, ó sì yà á lẹ́nu.

Kí ata yìí tó dé Yúróòpù ní ayé àtijọ́, ó ní láti kọjá lọ́wọ́ àwọn Lárúbáwá, kí ó gba Íjíbítì, kí àwọn ará Venice tó wá gbé e, olúkúlùkù wọn a sì bu èrè tirẹ̀ lé e. Ohun tí ọba Potogí ń wá ni bí òun yóò ṣe dé ìdí igi fúnra òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé wa fẹ́ràn, pé Vasco da Gama "ṣàwárí" Íńdíà. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, ti dé Kozhikode ní bí àádọ́jọ ọdún ṣáájú rẹ̀, ó sì rí àwọn ọkọ̀ ńlá Ṣáínà ní èbúté náà. Zheng He, olórí àwọn atukọ̀ ọba Ṣáínà, kó ọkọ̀ rẹpẹtẹ wá síbẹ̀ léraléra ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tí da Gama rán gorí ilẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n kan ni, ẹni tí a mú dání pé bí ikú bá pa á, kò burú. Nígbà tí ó dé ìgboro, àwọn ará Tunis méjì tí wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀ ni ó bá, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Sípéènì, wọ́n bi í pé kí ni ó gbé e dé ibẹ̀. Báwo ni ènìyàn ṣe ń ṣàwárí ọjà tí wọ́n ti ń fi èdè aládùúgbò rẹ̀ kí i káàbọ̀?

Ibi tí mo máa ń dúró sí jù lọ nínú ìtàn náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn. Samoothiri ni oyè ọba Kozhikode, bí Awùjalẹ̀ ti jẹ́ oyè ọba tiwa. Ohun tí da Gama kó sílẹ̀ láti fi kí i ni ìró aṣọ onílà 12, ìborí pupa 4, fìlà 6, okùn iyùn 4, ọpọ́n ìwẹwọ́ 6, àpótí ṣúgà 1, àgbá òróró 2 àti àgbá oyin 2. Àwọn ìjòyè tí ó wá yẹ ẹrù náà wò rẹ́rìn-ín, wọ́n ní oníṣòwò tí ó tòṣì jù lọ láti Mẹ́kà ń mú ju èyí wá, pé wúrà ni a fi ń kí ọba. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá ti jókòó ní Ojúde Ọba, tí ó ti rí bí àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ìlú ṣe ń wọ̀ wá kí Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, yóò mọ ohun tí àwọn ìjòyè yẹn rí. Iyùn mẹ́rin! Ní ilẹ̀ wa, ìyàwó tí ń lọ sílé ọkọ kò ní gbà pé iyùn mẹ́rin tó òun. Ọ̀rọ̀ náà dun da Gama, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1502 ó padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun púpọ̀, ó dáná sun ọkọ̀ àwọn tí ń bọ̀ láti Mẹ́kà, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn nínú rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin àti ọmọdé, ó sì yìnbọn lu Kozhikode láti ojú omi. Èmi tí àwọn baba ńlá mi rí ìbọn Maxim àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ogun Ìmàgbọ̀n ní oṣù Èbìbí ọdún 1892, nítorí ọ̀ràn ẹnubodè òwò tí wọn kò fẹ́ ṣí sílẹ̀ fún àwọn ará òde, n kò lè ka ìtàn yẹn bí ìtàn ìlú ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ jókòó sórí àpáta, mo sì tú bébà iyèré mi.

Ní nǹkan bí ọdún 1486, ọdún méjìlá ṣáájú kí ọkọ̀ da Gama tó dé ibi tí mo jókòó sí yìí, ará Potogí kan tí ń jẹ́ João Afonso de Aveiro kó ata kan láti Ìbìní lọ sí Lisbon. Wọ́n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Flanders kí àwọn oníṣòwò tọ́ ọ wò. Iyèré ni ata náà. Ata onírù ni wọ́n pè é ní èdè wọn, nítorí pé igi kékeré tí ó gbé hóró rẹ̀ dúró kì í já kúrò lára rẹ̀, ó máa ń rí bí ìrù eku. Ó ta, àwọn tí ó tọ́ ọ wò sì gbà pé ọjà ni. Fún sáà kan, iyèré ilẹ̀ wa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Yúróòpù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà Íńdíà ti là, tí ata Kerala bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Lisbon, ọba Potogí fi òfin de iyèré kí ó má baà ba owó ata tuntun náà jẹ́. Òfin ni ó mú un kúrò lórí àtẹ. Kì í ṣe pé àwọn tí ń rà á kọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe pé kò dára. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún 1498 fún ọdún mẹ́rìndínlógún láìsọ èyí fún wọn rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ìyá wọn ń fi iyèré se ọbẹ̀.

Orúkọ kan tún wà tí kò sí lára òkúta yẹn, orúkọ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀: Duarte Pacheco Pereira, atukọ̀ ará Potogí kan. Nínú ìwé tí ó kọ láàárín ọdún 1505 sí 1508, ó sọ pé ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká, pé ẹni tí ó jọba níbẹ̀ ní ìgbà tiwọn ń jẹ́ Agusale, àti pé òwò tí a lè ṣe níbẹ̀ ni ti ẹrú, tí à ń fi ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ra ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ti eyín erin díẹ̀. Geebuu ni Ìjẹ̀bú. Agusale ni Awùjalẹ̀. Yàrà náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ so mọ́ Erédò Súngbọ́, odi amọ̀ àti kòtò tí ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, tí jíjìn rẹ̀ sì tó mítà 20 ní àwọn ibì kan. Ọ̀kan ni èyí lára àkọsílẹ̀ tí ó pẹ́ jù lọ nípa wa nínú ìwé àwọn òyìnbó, a sì máa ń fi yangàn pé láti ìgbà yẹn ni ayé ti mọ Awùjalẹ̀.

Ọkùnrin kan náà yìí ni, ní ọdún 1504, ó dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Potogí tí kò tó igba ní Kochi, tí ó dènà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Samoothiri láti rí i pé èbúté ata náà kò bọ́ mọ́ ọba Potogí lọ́wọ́. Kochi, ìlú tí màmá mi ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn nínú rẹ̀ ní wákàtí yẹn gan-an! Mo ti mọ ìdajì kìíní ìtàn ọkùnrin yìí láti ilé, mo sì ti ka ìdajì kejì níbòmíràn, ṣùgbọ́n n kò tí ì fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn rí títí mo fi jókòó sórí àpáta Kappad. Ọwọ́ tí ó kọ iye owó ọmọ ènìyàn ní Ìjẹ̀bú, ẹ̀gbà idẹ méjìlá, ẹ̀gbà idẹ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ó ti gbé idà nítorí ata ní Kerala. Nínú ohun tí ó ka sílẹ̀ pé a lè rà ní ọ̀dọ̀ wa, kò dárúkọ iyèré.

Mo padà sí Kozhikode ní ọ̀sán. Valiyangadi ni ọjà èèlò wọn àtijọ́, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ sì ni Ọjà Ńlá. Ọ̀nà tóóró ni, àwọn alábàárù ń gbé àpò lé orí, òórùn ata, atalẹ̀ àti kànáfùrù sì ti wọ inú ògiri ibẹ̀ lọ. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, mo da hóró iyèré mi sórí tábìlì rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó di igi kékeré náà mú, ó wò ó lójú oòrùn, ó ní, "Vaalmulaku." Ọmọkùnrin tí ó jókòó tì í bá wa túmọ̀ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: "vaal" ni ìrù, "mulaku" ni ata. Ata kan wà tí àwọn náà mọ̀ tí ó ní ìrù báyìí, ó sì rò pé òun ni. Mo ní kí ó tọ́ ọ wò. Ó jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ yí padà, ó mi orí, ó ní èyí kì í ṣe tiwọn, níbo ni mo ti rí i? Mo ní ọjà ni màmá mi ti ń tà á, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Nàìjíríà. Bàbá náà kó àwọn hóró yòókù sínú bébà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì wọn ata tirẹ̀ fún mi láìgba owó.

Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí n tó padà dé Kochi. Màmá mi kò tí ì sùn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìyá tí ń sá ata, iyùn mẹ́rin, òfin ọba Potogí, wọ́n sì ń gbọ́ láìdá mi dúró, àfi ní ibi òfin, tí wọ́n ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo tún un sọ tán, wọ́n ní, "Àwa kò gbọ́ òfin náà ní Òkè-Àjé." Lẹ́yìn náà wọ́n mú hóró ata Kerala kan, wọ́n fi eyín iwájú gé e sí méjì, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún mú òmíràn. Wọ́n ní ọmọ ìyá iyèré ni lóòótọ́, ó ta, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò tó ti iyèré, pé bí a bá fi se ọbẹ̀ fún abiyamọ, yóò lá a tán, inú rẹ̀ kò sì ní gbóná. Mo sọ fún wọn pé àwọn tí ó mọ ewéko gbà bẹ́ẹ̀, pé inú ẹbí kan náà ni wọ́n kó àwọn méjèèjì sí. Wọ́n ní ẹnu àwọn ti sọ ọ́ ná.

Wọ́n wá bi mí pé èlòó ni kóńgò rẹ̀ ní Valiyangadi. Mo ní kìló ni wọ́n fi ń tà á. Wọ́n ní kí n gbé bébà wá, kí n fi rúpíì wọn sí náírà, kí n wo iye kìló tí ó wọ inú kóńgò kan. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débi owó ọkọ̀ òfurufú nígbà tí àbúrò wọn dìde láti pa iná.